O Káre, Jẹ́ńsinmi

Òjò ọdún náà kò mọ̀ pé èèyàn ń gbé ní Ìkòròdú. Bó ṣe ń rọ̀ láàárọ̀ náà ló ń rọ̀ lọ́sàn-án, bó bá sì dáwọ́ dúró díẹ̀, ṣe ló kàn ń mí, kò lọ síbì kankan. Àdúgbò tí Fúnmbí aránṣọ ń gbé kò jìnnà sí Èbúté. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, bí ọ̀sà bá sì ti kún, àgbàrá kì í rí ọ̀nà gbà lọ mọ́. Á kàn dúró sójú títì, á pọ́n kíkankíkan, àwọn èèyàn á sì máa fò láti orí búlọ́ọ̀kù kan dé orí èkejì, bàtà lọ́wọ́, aṣọ lókè orúnkún. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ rí kò ní gbàgbé òórùn rẹ̀ láé: òórùn ẹrẹ̀, òórùn ẹja yíyan, àti ti aṣọ tí wọ́n sá sínú ilé tí kò gbẹ dáadáa.

Inú òjò yìí ni Fúnmbí mú ajá wọlé.

Ilé gígùn ni ilé náà, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló là á já láti ẹnu ọ̀nà iwájú títí dé ilé ìdáná lẹ́yìn. Alhaja Fàósátù tó ni ilé ló ń gbé yàrá iwájú. Kò sẹ́ni tó lè wọlé kí ó má wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ó nu ẹrẹ̀ kúrò tàbí kò nù ún. Bùsàrí ọlọ́kadà ló kọjú sí i. Lẹ́yìn Bùsàrí ni Susannah, tí àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti etí òkun lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, tó ń yan ẹja tà ní Èbúté. Yàrá Fúnmbí ló kángun sí ilé ìdáná: bẹ́ẹ̀dì kan, máṣíìnì ìránṣọ kan, àti aṣọ oníbàárà tó so rọ̀ káàkiri. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí Òkè Ọya, bó bá lọ báyìí, ó di ìgbà tó bá dé.

Ajá náà kì í ṣe tirẹ̀. Ajá bàbá rẹ̀ ni. Bàbá náà, Ọláògún, ọdẹ ni ní abúlé kan tó wà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, ó sì ti dàgbà kọjá ẹni tó yẹ kó máa gba orí igi kọjá odò. Ṣùgbọ́n ta ló lè wí fún un? Ó yọ̀ lórí igi tí wọ́n fi ṣe afárá, egungun ojúgun rẹ̀ kán. Jẹ́ńsinmi ajá rẹ̀ ló sáré padà sí abúlé, tó ń gbó, tó ń mi ṣaworo ọrùn rẹ̀ kíkan, tí àwọn èèyàn fi tẹ̀ lé e lọ gbé bàbá. Ní ọsibítù, wọ́n fi símẹ́ǹtì funfun di ẹsẹ̀ náà. Àbúrò bàbá lóbìnrin, Fàlílátù ẹlẹ́ja, gbé e lọ sí ilé rẹ̀ nínú ìlú Ẹ̀pẹ́. Ó gba bàbá, ó gba ajá. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ajá fi pa àkùkọ rẹ̀, Fàlílátù sì ní òun gba ẹ̀gbọ́n òun, òun kò gba ọ̀tá adìyẹ.

Bàbá ránṣẹ́ pe Fúnmbí. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, ó rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù funfun. Ó na àpò ọdẹ rẹ̀ sí i.

"Fúnmbí, mo fi Jẹ́ńsinmi sí ọ lọ́wọ́. Títí n óò fi dìde rìn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá."

"Tí wọ́n bá tà á, tí wọ́n bá pa á, ẹsẹ̀ yìí kò wúlò fún mi mọ́. Ibo ni mo fẹ́ fi rìn lọ?"

"Mo ní kí ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé kò tíì sí ìgbà kan, láti kékeré rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ fi nǹkan kan tó fẹ́ràn sí i lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń fi nǹkan síni lọ́wọ́ nígbà ayé rẹ̀. Ìyá náà kan náà ló sì fún àwọn ajá ilé náà ní orúkọ yìí láìmọ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá tún mú ọmọ ajá tuntun wọlé, ìyá ju orógùn sílẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ń sinmi!" Bàbá wo ọmọ ajá náà, ó ní, "O gbọ́? Orúkọ rẹ ti dé." Láti ìgbà náà, bí Jẹ́ńsinmi kan bá kú, Jẹ́ńsinmi mìíràn á rọ́pò rẹ̀. Ìyá ti kú, orúkọ ṣì wà nílé.

Jẹ́ńsinmi ti òní ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Pupa ni bí iyẹ̀pẹ̀ Ẹ̀pẹ́, ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ ń yí kiri bíi ti ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Nínú mọ́tò tó gbé wọn láti Ẹ̀pẹ́ gba Ìtòkín wá sí Ìkòròdú, kò jókòó. Bó bá yí orí síhìn-ín, ṣaworo á dún. Bó bá yí i sọ́hùn-ún, á dún. Àwọn èrò kùn títí. Nígbà tí wọ́n fi dé ilé, Alhaja Fàósátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Fúnmbí, ṣé ilé mi ti di ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni? Agogo wo nìyí?"

"Ẹ má bínú, mà. Ti ajá bàbá mi ni."

"Ajá, mo fara mọ́ ọn nítorí àìsàn bàbá. Agogo ńkọ́? Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Fúnmbí bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó tú ṣaworo náà lọ́rùn ajá, ó jù ú sínú dúróà máṣíìnì rẹ̀. Ajá wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó wo dúróà. Ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tí wọn kò parí. Fúnmbí kò kíyè sí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ilé kò rójú. Ajá tó ti máa ń fi gbogbo ọjọ́ rìn nínú igbó wá di ará yàrá kan. Ó ń yí bẹ́ẹ̀dì po. Ó ń fo orí àpótí. Ó jẹ bébà tí Fúnmbí fi gé ìwọ̀n aṣọ, ó jẹ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó fi èkejì sílẹ̀ bí ẹni pé ó ń fi í ṣe ẹlẹ́rìí. Bí òjò bá lu páànù, á gbó òjò. Bí òjò bá dá, á gbó ìdákẹ́jẹ́.

Fúnmbí gbìyànjú láti mú un jáde. Ó fi okùn dè é lọ́rùn, àwọn méjèèjì bọ́ sínú omi. Wọn kò tíì dé iwájú ilé kejì tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá fi wọ inú kòtò ìdaminù tí omi ti bò mọ́lẹ̀, omi sì ń fà á. Bí kì í bá ṣe ti Bùsàrí tó sọ ọ̀kadà sílẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì di ajá mú nídìí etí, Fúnmbí ì bá máa wá ohun tó máa sọ fún bàbá rẹ̀.

"Àǹtí Fúnmbí," ni Bùsàrí wí, ẹrẹ̀ ti bò ó dé ìpéǹpéjú, "ẹ jọ̀ọ́, ẹja la máa ń wá nínú omi àdúgbò yìí. Ẹ má fi ajá kún un."

"Bùsàrí, Ọlọ́run á san án fún ọ."

"Àmín. Kó tètè san án, torí ọ̀kadà mi ò fẹ́ jí mọ́."

Bí ìta ṣe di èèwọ̀ nìyẹn. Fúnmbí bá ronú pé bí ẹsẹ̀ ajá kò bá rí igbó, ẹsẹ̀ náà ṣáà gbọ́dọ̀ rìn. Ó ṣẹ́ àjákù aṣọ jọ, ó rán an bíi bọ́ọ̀lù, ó ń jù ú láti ẹnu ọ̀nà iwájú dé ilé ìdáná. Jẹ́ńsinmi ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀. Àwọn ọmọ ilé ń ké "Góòlù!" Bùsàrí ń pe eré náà bí àwọn ti rédíò. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó hàn pé Fúnmbí ló ń rẹ̀, kò rẹ ajá. Bó ṣe ń sáré tó náà ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó. Á gbé bọ́ọ̀lù wá, á sọ ọ́ sílẹ̀, á máa wo Fúnmbí bí ọ̀gá tó ń wo ọmọ iṣẹ́ tó ń ṣọ̀lẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́ pátápátá. Alhaja Fàósátù jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá, bùtá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti fọ apá, ó ku ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù àkísà yí lọ síbẹ̀. Jẹ́ńsinmi tẹ̀ lé e. Kò lè dúró lórí símẹ́ǹtì tó tutù, ó yọ̀ láti àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi gbogbo ara gbá bùtá náà mọ́ ògiri, ó sì fi imú tútù rẹ̀ nu ìró Alhaja látòkè dé ilẹ̀.

Bùtá ti là, omi ń ṣàn.

Alhaja kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo. Ó dìde, ó wo ìró rẹ̀, ó wo Fúnmbí tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde. Mi ò bá ọ jà. Mo máa pààrọ̀ aṣọ, mo máa tún àlùwàlá mi ṣe. Ṣùgbọ́n yàrá ni mo fún ọ, Fúnmbí, mi ò fún ọ ní igbó. Bó bá di Jímọ̀ tí ajá yìí kò bá tíì farabalẹ̀, kó máa lọ."

"Ibo ló máa lọ, mà?"

"Ọkùnrin tó ń ra ajá kiri kò tíì yé kọjá níwájú ilé."

Gbogbo ilé ló mọ ohun tí ọkùnrin náà ń fi ajá ṣe. Susannah ló wá fa Fúnmbí wọ yàrá.

"Má sunkún sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti tutù tẹ́lẹ̀," ni ó wí. "Ṣé o ti sọ fún bàbá rẹ?"

"Kí ni kí n sọ, Àǹtí Susannah? Lójoojúmọ́ ló ń pe fóònù láti bèèrè ajá. Mo máa ní ó wà dáadáa."

"O ń purọ́ fún ọdẹ nípa ajá?" Susannah fi ọwọ́ bo ẹnu. "Àwa tí a bí létí omi, èèyàn lè purọ́ fún wa nípa ohun gbogbo àfi ẹja."

Ọjọ́ Tọ́sìdeè, bàbá pe. Òjò ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó bèèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ó ní kí ó gbé fóònù sún mọ́ ajá. Jẹ́ńsinmi gbó, ó fò sókè, ó gbó. Fúnmbí gbé fóònù padà sétí.



"N kò gbọ́ ṣaworo," ni bàbá wí.

"Mo ti tú u, Bàbá. Ó ń pariwo ni."

"Ìgbà wo lo tú u?"

"Ọjọ́ tí a dé."

"Kí lo wí fún un nígbà tó o tú u?"

"Bàbá, kí ni mo fẹ́ wí fún ajá?"

Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lójú egbò. "Áà, Fúnmbí. O tú ṣaworo lọ́rùn ajá, o kò sì wí nǹkan kan? Ọmọ mi nìyẹn!"

Ibẹ̀ ló ti rántí. Kì í ṣe pé ó gbàgbé tẹ́lẹ̀, ó kàn ti gbé e síbi tí kì í yà mọ́ ni. Ó rí ẹ̀yìnkùlé wọn nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ìgbà tí bàbá bá ti igbó dé ní ìrọ̀lẹ́. Kì í sọ àpò kalẹ̀. Kì í ṣí fìlà. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti dúró, ẹnì kan gbé omi, ẹnì kan gbé àga. Bàbá á kọjá lára wọn. Á bẹ̀rẹ̀ síwájú ajá, á fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n rẹ̀ mú, á fi èkejì tú ṣaworo, á sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń kí àgbà: "O káre. O káre láéláé. Iṣẹ́ òní ti parí. Wá gba tìrẹ." Á gé ẹ̀dọ̀ ẹran fún un. Ajá á jẹ ẹ́, á lọ sí ìdí ògiri, á sùn bí òkúta. Lẹ́yìn náà ni bàbá á tó gba omi lọ́wọ́ àwọn ọmọ, á mu ún, á dá ife padà, kò ní sọ ohunkóhun.

Ọjọ́ kan, Fúnmbí bi ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ṣé kí èmi náà so ṣaworo mọ́rùn ni?" Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fà á mọ́ra, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ṣé o wà níbẹ̀?" ni bàbá wí nínú fóònù.

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá."

"Bí wọ́n bá so ó, ó ti wọ iṣẹ́. Bí wọ́n bá tú u tí wọ́n kí i, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ìwọ tú u lójú ọ̀nà, o kò kí i. Ajá yẹn kò tíì délé, Fúnmbí. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì mọ iṣẹ́ wo ni."

Fúnmbí wo ajá. Ajá ń wo dúróà máṣíìnì.

"Kí ni kí n ṣe?"

"Awọ ẹtu kan wà nísàlẹ̀ àpò tí mo fún ọ. Gé e wẹ́wẹ́. Fi pamọ́ fún un. So ṣaworo mọ́ ọn, jẹ́ kó fi imú wá a. Má jù ú, má jẹ́ kó sáré. Ẹsẹ̀ kì í rẹ irú wọn. Imú ló ń rẹ ajá. Bó bá sì parí, o mọ ohun tí wọ́n ń wí."

Ṣaworo náà gan-an ni Alhaja ní òun kò fẹ́ gbọ́ mọ́. Ọ̀la sì ni Jímọ̀. Fúnmbí lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú, ó sọ gbogbo rẹ̀ láì fi ọ̀kan bò. Alhaja ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀.

"Agogo tí mo ní kí o tú, ìyẹn lo fẹ́ tún so padà?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, mà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi ni màá mú un jáde lọ́la. Mi ò ní jẹ́ kí ẹ tún un sọ."

Tẹ̀sùbáà dúró. "Ìwọ fúnra rẹ?"

"Èmi fúnra mi, mà."

"Lẹ́yìn tí mo bá kírun Alásárì," ni Alhaja wí. "Kí ó má sì kọjá ẹnu ọ̀nà mi yìí."

Bí wọ́n ti kírun tán, Bùsàrí ti ọ̀kadà rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, Susannah kó agbọ̀n ẹja rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Fúnmbí ti ilẹ̀kùn mọ́ ajá sínú yàrá, ó lọ ń fi awọ pamọ́: ọ̀kan sínú àpò èédú ní ilé ìdáná, ọ̀kan sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, ọ̀kan sínú bàtà ẹsẹ̀ kan tó ṣẹ́kù yẹn, àti ọ̀kan sórí fèrèsé. Ó padà wọlé, ó ṣí dúróà, ó mú ṣaworo jáde.

Bó ṣe so ó mọ́ ajá lọ́rùn, Jẹ́ńsinmi dúró sójú kan. Kò gbó. Kò fò. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà, ìgbà àkọ́kọ́ tó dúró láìmira nìyẹn. Ó gbójú sókè wo Fúnmbí bí ẹni tó ní, ẹ ṣeun o, mo ti ń retí yín.

"Ó yá," ni Fúnmbí wí.

Ajá jáde. Kò sáré rárá. Ó gbé imú lé símẹ́ǹtì, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ṣaworo ń dún wín-ín, wín-ín, bí ẹni ń fi ṣíbí kan etí ife. Ó wọ ilé ìdáná, ó ti orí bọ àpò èédú, ó yọ jáde pẹ̀lú imú dúdú, awọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e wá sí ẹsẹ̀ Fúnmbí. Ó rí ti ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù. Ó rí ti inú bàtà. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, kò kà á sí mọ́.

Ọ̀kan ló ku. Fúnmbí mọ̀ pé orí fèrèsé ló wà, ṣùgbọ́n ajá kò lọ sí ìdí fèrèsé. Ó yà sí iwájú. Ó ń lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà Alhaja.

Fúnmbí fẹ́ pè é, ó rántí pé bàbá kì í pe ajá tó bá wà lórí òórùn. Alhaja ti dìde dúró lẹ́yìn kọ́tíìnì rẹ̀.

"Fúnmbí! Kí ni ajá yìí ń wá lọ́dọ̀ mi?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀."

Ajá kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó dúró ní ìgun ògiri, níbi tí wọ́n ti ju bùtá tó là sí, ó ti imú bọ inú rẹ̀, ṣaworo dákẹ́. Ó yọ awọ ẹtu jáde.

Bùsàrí ti ń yẹra lọ sẹ́yìn.

"Bùsàrí!" ni Susannah ké. "Ìwọ lo gbé e kúrò lórí fèrèsé!"

"Mo ní kí n dán an wò ni! Àǹtí Fúnmbí, ẹ má lù mí. Mo rò pé ó kàn ń méfò ni."

"O fẹ́ lé ajá jáde nílé!"

"Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ajá fúnra rẹ̀ bóyá ó bínú!"

Alhaja fa kọ́tíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo bùtá, ó wo ajá tó fi imú dúdú wò ó padà. Ètè rẹ̀ ń mì. "Ẹ wò ó," ni ó wí, "ẹni tó fọ́ ọ náà ló wá yẹ̀ ẹ́ wò." Ó sì bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ẹnì kankan nínú ilé náà kò mọ̀ pé ó ní.

Fúnmbí bẹ̀rẹ̀ síwájú ajá. Gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n ajá mú, ó fi èkejì tú ṣaworo. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà rí, wọn kò sì tíì sọ ọ́ fún un rí.

"O káre," ni ó wí. "O káre láéláé. Iṣẹ́ òní ti parí. Wá gba tìrẹ."

Susannah ti na orí ẹja yíyan sí i láti ẹ̀yìn. Jẹ́ńsinmi jẹ ẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó rìn wọ yàrá, ó káwọ́ kásẹ̀ sábẹ́ máṣíìnì, ó sùn. Nínú ilé náà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ òjò nìkan.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Alhaja kan ilẹ̀kùn.

"Ajá yẹn kò kú o?"

"Ó ń sùn, mà."

"Ó dáa." Ó yíjú láti lọ. "Kó tó di ìrun Àílà, kí o fi omi fọ pásééjì tó fi imú rìn yẹn. Lójoojúmọ́."

Fúnmbí gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà dáadáa. Lójoojúmọ́. "Mo ti fọ ti òní, mà," ni ó wí, orúnkún rẹ̀ sì ti kan ilẹ̀ kó tó mọ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun gan-an."

"Dìde, jàre. Ilẹ̀ tutù."

Bí wọ́n ṣe lo ìyókù òjò náà nìyẹn. Gbogbo yàrá ló ń bá wọn fi awọ pamọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá di igbó, wọ́n sì ń gbà á ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀ gbígbá ṣe. Susannah máa ń fi tirẹ̀ sáàárín ẹja láti fi da ajá lójú rú, kò rí i dà rú. Alhaja ní òun kò bá wọn dá sí i. Lọ́jọ́ kan, ó wá fi ọ̀rá we ọwọ́, ó fi orí ìka méjì mú awọ, ó lọ fi í pamọ́ síbì kan. Ṣaworo ń dún káàkiri ilé títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìrọ̀lẹ́ kí ajá tó wá a rí, lábẹ́ ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ní ilé ìdáná.

"Alhaja, ẹ ti fẹ́ pa á o!" ni Bùsàrí wí.

"Ọmọ púpọ̀ ni mo tọ́," ni Alhaja dáhùn. "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹran pamọ́."

Ọ̀rọ̀ náà pàápàá wọ wọn lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá pọnmi dé, wọ́n á ní o káre, wá gba tìrẹ. Eré ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún á rọra rẹ́rìn-ín, á sì tún lọ pọn òmíràn.

Nígbà tí omi fi fà lójú títì, wọ́n ti gé símẹ́ǹtì kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá. Fúnmbí mú ajá wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́. Ó so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn. Nígbà tí ìyá kan nínú mọ́tò bèèrè pé irú ariwo wo nìyí, Fúnmbí ní, "Ẹ forí jì wá, mà. Ó ń lọ parí iṣẹ́ kan ni." Ìyá náà wo ajá tó jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n wẹ̀ fún, ó sún fún un díẹ̀.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Fàlílátù, ọ̀pá lọ́wọ́. Jẹ́ńsinmi kò fò mọ́ ọn. Ó rìn lọ, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè. Bàbá gbé ọ̀pá ti ògiri. Ó pẹ́ kó tó lè bẹ̀rẹ̀, ó di ara rẹ̀ mú lórí orúnkún kan, Fúnmbí sáré lọ láti dì í mú, bàbá fi ọwọ́ dá a dúró. Ó tú ṣaworo náà.

"O káre. O káre láéláé. Iṣẹ́ ti parí."

Ajá fi orí lé ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná náà, ó dijú.

Bàbá wá na ọwọ́ sí Fúnmbí, Fúnmbí fà á dìde. Bàbá ti fúyẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá dúró tán, kò fi ọrùn ọwọ́ Fúnmbí sílẹ̀. Fúnmbí rò pé ọ̀pá ló ń wá, ó yíjú sí ògiri.

"Fúnmbí."

"Bàbá."

"Mo rò pé wọn kò ní jẹ́ kó wà láàyè. Mo sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo ti sunkún rẹ̀ tán." Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ibi tí kò dé rí. "O káre, ọmọ mi. O káre láéláé."

Bàbá fà á wọlé, ó mú un jókòó sórí àga tirẹ̀, ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ Fàlílátù fúnra rẹ̀, ó yọ orí ẹja tó tóbi jù, ó fi sínú àwo, ó gbé e lé e lórí itan.

"Gba tìrẹ," ni ó wí.

Fúnmbí jẹ ẹ́ títí dé egungun. Ariwo ọjà ẹja ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ títì, oòrùn wà lẹ́nu ọ̀nà, ajá ń mí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fúnmbí fẹ́ dìde fọ àwo náà. Ó kàn ní kí òun gbé orí ti ògiri díẹ̀ ná, oorun sì gbé e lọ.